ThinkPad X230 Tablet fún akẹ́kọ̀ọ́: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ nínú rẹ̀, áàpù wo ni kí n sì máa fi kọ nóòtì?

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísìrì béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni mo sì ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan fún mi ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, Lenovo ThinkPad X230 Tablet, èyí tí wọ́n ṣe jáde ní ọdún 2012. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n yóò rántí pé ọrùn kan ṣoṣo ni ó so ojú rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí a lè yí ojú náà po, kí a dà á dé orí kíbọ́ọ̀dù, kí ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí wàláà, kí a sì máa fi kálàmù rẹ̀ kọ̀wé lé e lórí. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ kò ní àpá, kálàmù rẹ̀ sì wà nínú ihò rẹ̀. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5 ìran kẹta ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB àti hard disk 320GB, irú ti àtijọ́ tí ó ń yí. Windows 10 ni ó ń lò.

Bí mo bá tan án nínú kíláàsì, olùkọ́ yóò ti kọ pátákó kan kún kí ó tó ṣetán láti gba kálàmù. Bátìrì rẹ̀ kì í fara da ẹ̀kọ́ oníwákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ihò iná tí ó wà nínú gbọ̀ngàn wa kò ju ti àwọn tí ó bá tètè dé lọ, ìyẹn nígbà tí iná bá tilẹ̀ wà. Bí ẹ bá ní kí n kúkú máa fi bíírò kọ ọ́ sínú ìwé, èsì mi ni pé àwọn olùkọ́ wa máa ń fi PDF ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ó sì wù mí kí n máa kọ àlàyé tèmi sára ojú ewé náà gan-an, nítorí pé owó tí a ń san fún àwọn tí ń bá wa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Kíbọ́ọ̀dù nìkan kò sì lè ṣe iṣẹ́ náà. Organic chemistry ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kọ́ ní sáà yìí, òrùka benzene àti ọfà tí ó tẹ̀ kọrọdọ láti fi ibi tí electron ń lọ hàn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tẹ̀ bí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ lọ.

Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi kò lè ra SSD (irú disk tuntun tí kì í yí), RAM àti bátìrì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà nínú wọn? Lẹ́yìn náà, wọ́n dárúkọ OneNote, Xournal++ àti Obsidian fún mi. Èwo ni ó bá irú iṣẹ́ mi mu, tí kò sì ní máa jẹ dátà mi?

Oníṣẹ́Ìkẹjà dáhùn pé:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ kì í ṣe ẹ̀rọ yẹpẹrẹ, irú rẹ̀ sì ti gba ọwọ́ wa kọjá dáadáa ní Ìkẹjà níbí. SSD ni kí o kọ́kọ́ rà.

Hard disk àtijọ́ ní àwo nínú, tí ó ń yí ní ìgbà 5400 tàbí 7200 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí ó ń sún lọ sún bọ̀ lórí àwo náà láti wá ohun tí a ní kí ó kà. Bí ó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo ni ó ń kà, kò ní já ọ kulẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tí ó fọ́n káàkiri ni ó ń béèrè, gbogbo àkókò tí apá yẹn fi ń sáré kiri ni ìwọ ń dúró sí. SSD kò ní ohunkóhun tí ó ń yí nínú, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kan náà yóò fi dà bí òmíràn lọ́jọ́ tí o bá pààrọ̀ rẹ̀. Kò sì bẹ̀rù gbígbọ̀n. Ẹni tí ó ń gbé báàgì kọ̀ǹpútà sẹ́yìn lórí ọ̀kadà, lójú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, tí kọ̀ǹpútà náà kò sì tíì kú tán nínú báàgì, ni hard disk rẹ̀ sábà máa ń gbé wá bá wa.

Bí o bá dé ọjà, SSD 2.5-inch SATA ni kí o béèrè, kí sísanra rẹ̀ má sì ju mìlímítà 7 lọ, nítorí pé èyí tí ó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ kì yóò wọ ihò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń polówó NVMe, irú SSD mìíràn, fún ọ pé ó yá ju SATA lọ, òótọ́ ni ó ń sọ, àmọ́ kò sí ibi tí a ó fi í sí nínú X230. 240GB tàbí 256GB ti tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe fíìmù ni ó ń kó jọ. Ṣọ́ra fún ayédèrú o. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 512GB sí lára, tí inú wọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò ṣì máa ka 512 fún ọ láìtijú. Áàpù H2testw ni a fi ń tú wọn fó: ó máa ń kọ nǹkan kún inú rẹ̀ pátápátá, yóò sì tún kà á padà láti wò ó bóyá ohun tí ó kọ náà ni ó rí. Ó máa ń pẹ́, nítorí náà kí ìwọ àti ẹni tí ó tà á fún ọ ti fohùn ṣọ̀kan pé o lè dá a padà kí o tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni, fi CrystalDiskInfo wo iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́.

O lè fi ọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀. Pa kọ̀ǹpútà náà, yọ bátìrì rẹ̀, tú súkúrúù kan ṣoṣo tí ó di ìdérí ibẹ̀ mú, kí o sì fa hard disk náà jáde. Wàá rí rọ́bà méjì tí ó gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Bọ́ wọn kúrò lára ti àtijọ́, kí o sì fi wọ SSD tuntun kí o tó tì í wọlé, nítorí pé àwọn ni kì í jẹ́ kí ó máa mì nínú ihò. Mo máa ń rí èyí tí àwọn kan ti ju rọ́bà rẹ̀ nù, tí wọ́n wá ká bébà sí àyè rẹ̀.

Ní ti bátìrì, má tíì ná owó lé e lórí títí o ó fi mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ṣí Command Prompt, tẹ *powercfg /batteryreport*, yóò sì kọ ìwé ìjábọ̀ kan fún ọ. Wo iye agbára tí wọ́n dá a mọ́, kí o sì fi wé iye tí ó lè gbà báyìí tí a bá gba iná sí i kún. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní mọ́, bátìrì náà ti darúgbó. Ohun tí ó wá ṣe pàtàkì jù ni pé X230 máa ń yẹ bátìrì wò: bí kò bá dá a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fọwọ́ sí, yóò kọ̀ ọ́ sí ọ lójú pé kò ní gba iná sí i. Nítorí náà, má ra bátìrì X230 níbikíbi tí wọn kò bá ti ní jẹ́ kí o gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, kí o fi sí i, kí o sì rí i pé iná ń wọ̀ ọ́.

RAM ni ó kẹ́yìn. Ihò méjì ni ó wà fún un, 16GB sì ni òpin rẹ̀. Ṣí Task Manager kí o wo ihò mélòó ni 4GB tìrẹ gbà. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ẹyọ 4GB mìíràn ni kí o fi kún un, yóò sì pé 8GB. DDR3 tàbí DDR3L ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ 204. Eyín DDR4 jẹ́ 260, kò lè wọ̀ ọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tì í.

OlùwádìíNíLeeds dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Mo fara mọ́ ohun tí Oníṣẹ́Ìkẹjà sọ nípa SSD, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ èmi ni, áàpù ni mo máa kọ́kọ́ yàn kí n tó ṣí pọ́ọ̀sì, nítorí pé iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí a ó rà. Kíkọ ìwé pẹ̀lú kálàmù kò gba RAM púpọ̀ rárá. Ohun tí ń jẹ RAM lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ ni Chrome tí wọ́n ṣí ojú ewé ogún sílẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí yóò rí i pé owó RAM lè dúró ná, bí ó bá lè máa pa Chrome dé nígbà tí kíláàsì bá ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú Obsidian kúrò ní ọ̀nà ná. Áàpù dáadáa ni, mo sì ń lò ó fún iṣẹ́ ìwádìí mi, nítorí pé fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń kọ sórí kọ̀ǹpútà ẹni, tí áàpù yòówù kí ó jẹ́ lè ṣí. Àmọ́ ti olùtẹ̀wé ni, kì í ṣe ti oníkálàmù. Ẹ lè fi kọ àkópọ̀ ẹ̀kọ́ yín nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọkàn bá ti balẹ̀.

Ó wá ku OneNote àti Xournal++, ọ̀rọ̀ sì wà lórí àwọn méjèèjì. OneNote ti wà láti ọdún 2003, nígbà tí Microsoft ń gbìyànjú láti jẹ́ kí ayé gba kọ̀ǹpútà oníkálàmù, ó sì hàn lára rẹ̀ pé àwọn tí ó ṣe é mọ ohun tí ń lọ nínú kíláàsì. Ẹ lè gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ ti ń kọ̀wé lọ, ó sì lè wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ọwọ́ kọ rí fún yín, bí ọwọ́ yín kò bá burú jù. Ojú ewé rẹ̀ kò lópin, ibi yòówù tí ẹ bá fẹ́ ni ẹ lè kọ̀wé sí. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìyọnu rẹ̀ wà, nítorí pé ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí kí ẹ sọ ọ́ di PDF fún ọ̀rẹ́ yín, yóò gé òrùka benzene yín sí méjì láàárín ojú ewé. Bí ẹ bá fi PDF olùkọ́ sínú rẹ̀ láti kọ nǹkan lé e, àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi sí i, ìwé náà á wúwo, OneDrive ni yóò sì máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ. 5GB péré ni OneDrive fún ẹni tí kò sanwó, gbígbé e lọ gbígbé e bọ̀ sì ń jẹ dátà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní OneNote for Windows 10 ni ẹ gbà, nítorí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ OneNote lásán ni wọ́n ń tọ́jú lọ.

Fún ohun tí ẹ ṣàlàyé, Xournal++ ni mo fọwọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux (ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows), kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. PDF ni a dìídì ṣe é fún: ẹ óò ṣí ìwé olùkọ́, ẹ óò kọ̀wé sára rẹ̀, ẹ óò sì tún sọ ọ́ di PDF tuntun tí fóònù ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ó mọ bí ẹ ṣe tẹ kálàmù tó, ìlà yín yóò sì nípọn tàbí kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ yín bá ti rí. Ó lè tún òbìrípo àti ìlà tí kò gún ṣe fún yín, ẹ sì lè fi LaTeX (ọ̀nà tí a fi ń tẹ àmì ìṣirò) kọ ìṣirò sínú rẹ̀. Òun náà ń gba ohùn sílẹ̀.

Kò lè wá ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ kọ rí. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú PDF nìkan ni ó ń rí. Nítorí náà, ẹ máa fi kíbọ́ọ̀dù tẹ àkọlé kúkúrú sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kálàmù kọ̀wé, yóò sì tó láti wá a rí. Èkejì ni pé fáìlì .xopp tí ó ń tọ́jú kì í gbé PDF olùkọ́ pamọ́ sínú ara rẹ̀ àfi bí ẹ bá sọ fún un. Ó kàn ń rántí ibi tí PDF náà wà ni. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí PDF tí ó ṣì wà nínú àpò Downloads, tí ó wá pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́ lópin sáà, yóò ṣí ìwé rẹ̀ bá àlàyé tirẹ̀ tí ó ń fò lófuurufú láìsí ìwé olùkọ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí PDF, ẹ máa fi àmì sí ibi tí ó ti ní kí ẹ so fáìlì náà mọ́ ìwé yín.

OníTáàbù dáhùn pé:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa kó owó lé kọ̀ǹpútà ọdún 2012. Kí ó tà á, kí ó fi owó díẹ̀ kún un, kí ó ra Samsung Galaxy Tab S6 Lite àlòkù. Ọdún 2020 ni ó jáde, ojú rẹ̀ jẹ́ 10.4-inch, kálàmù S Pen wà nínú páálí rẹ̀ tí kì í béèrè iná, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 7040mAh, power bank tí a ń lò fún fóònù sì lè gba iná sí i nínú gbọ̀ngàn. Samsung Notes ń kọ̀wé sórí PDF dáadáa. Kò sí pé a ń tú súkúrúù.

Oníṣẹ́Ìkẹjà dáhùn pé:

OníTáàbù, ọ̀rọ̀ power bank tí ẹ sọ yẹn kò ṣe é já ní koro, ìyẹn sì ni ibi tí X230 ti kéré sí i jù lọ. Bí ó bá jẹ́ pé nóòtì kíkọ nìkan ni àbúrò wa fẹ́ ṣe, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì yóò kọ ìjábọ̀ iṣẹ́ yàrá ìwádìí, yóò ya gíráàfù, yóò sì kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá ra táàbù yóò tún máa wá kọ̀ǹpútà yá. Èkejì ni pé bí RAM 4GB tí ó wà nínú táàbù náà kò bá tó mọ́ lọ́dún mẹ́ta òní, kò sí ohun tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè ṣe sí i, nítorí pé wọ́n jó o mọ́ inú rẹ̀ ni. Mo sì ti rí i pé iye tí àwọn ènìyàn ń san lórí X230 àlòkù kò tó ohun tí a lè fi owó díẹ̀ kún kí ó di táàbù tí ó dára.

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísìrì kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò máa fi kún ìmọ̀ yín. Mo ti ṣe ìwé ìjábọ̀ bátìrì náà: ohun tí ó lè gbà báyìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí wọ́n dá a mọ́. Ẹyọ RAM kan ni ó wà nínú rẹ̀, ihò kejì ṣófo.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ṣẹ́kù fún mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé Windows 10 ti kú, pé kọ̀ǹpútà mi kò sì lè gba Windows 11, ṣé lóòótọ́ ni? Èkejì ni pé mo máa ń kọ àlàyé kẹ́mísìrì ní Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ń kọ́ ní àdúgbò wa. Apá kan nínú rẹ̀ ni mo tẹ̀ lórí fóònù, apá kejì lórí kọ̀ǹpútà, mo sì rí i pé bí mo bá wá ọ̀rọ̀ kan tí ó ní àmì ohùn, áàpù yóò rí i nínú àwọn ìwé kan, yóò sì fojú fo ó nínú àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ojú mi rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

OlùwádìíNíLeeds dáhùn pé:

Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lè máa gba àtúnṣe ààbò títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà) àti processor tí ó jẹ́ ó kéré tán ìran kẹjọ bí ó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹta sì ni tiyín. Àwọn kan máa ń dọ́gbọ́n fi í sí i, ṣùgbọ́n n kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò ń bọ̀ fún níyànjú láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Linux Mint ni kí ẹ fi sórí SSD tuntun yẹn. Kálàmù Wacom tí ó wà nínú X230 ti pẹ́ tí Linux ti mọ̀ ọ́n, Xournal++ sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè gbà á láìsanwó, 4GB yín á sì tún mí fùú. Ohun kan ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún: bí ẹ bá yí ojú kọ̀ǹpútà po tí ẹ sì dà á dé orí kíbọ́ọ̀dù, Linux lè má mọ̀ pé ẹ ti yí i. Ẹ ó ní kí *xrandr* yí àwòrán ojú rẹ̀, ẹ ó sì ní kí *xsetwacom* yí kálàmù náà tẹ̀ lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó fọwọ́ kan apá òsì lókè, ìlà yóò sì jáde ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹ kọ àṣẹ méjèèjì sínú fáìlì kan, ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì kan, kí ó di ohun tí a ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún lọ sínú ètò Xournal++ kí ẹ ní kí ó pa ìfọwọ́kàn tì nígbà tí kálàmù bá wà nítòsí, kí àtẹ́lẹwọ́ yín má máa fa ìlà kiri.

Nítorí dátà, ẹ wo LocalSend. Ó ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà sí fóònù lórí Wi-Fi kan náà láìkan íntánẹ́ẹ̀tì, hotspot fóònù tí a ti pa dátà rẹ̀ sì tó fún un. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ìwé yín di PDF kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí fóònù. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ìwé yín á ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Akọ́mọlédèTiAbẹ́òkúta dáhùn pé:

Ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dá sí. Ojú ènìyàn ń rí lẹ́tà kan náà, àmọ́ ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀. Unicode, ìlànà tí ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, èyí tí í ṣe U+1EB9, ó ní U+1ECD fún ọ àti U+1E63 fún ṣ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ẹ sílẹ̀ kí ó tó fi àmì ohùn òkè, U+0301, tẹ̀ lé e, òmíràn sì lè kọ é tí ó ti ní àmì ohùn, kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, kún un. Bí áàpù kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, èyí tí ẹ fi fóònù tẹ̀ kò ní bá ti kọ̀ǹpútà mu.

Èyí tí ó bá NFC mu, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí Unicode là sílẹ̀ kí ìkọsílẹ̀ lẹ́tà lè bára mu, ni èkíní, ẹ sì rọ̀ mọ́ ọn. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀, Linux Mint náà sì ní Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ máa fi í tẹ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ máa wá lẹ́yìn ọ̀la, kí ẹ sì fi fóònù sílẹ̀ fún WhatsApp. Fún àwọn tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó mọ Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) díẹ̀ lè fi *unicodedata.normalize* tún gbogbo wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n.

Oníṣẹ́Ìkẹjà dáhùn pé:

Àbúrò mi, pẹ̀lú ìwé ìjábọ̀ tí o mú wá yìí, mo fẹ́ fi kún ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́. SSD ṣì ni àkọ́kọ́, bátìrì ni kí o sì máa fi owó tí ó bá kù tọ́jú dè, kì í ṣe RAM, nítorí pé Linux tí ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds sọ yóò jẹ́ kí 4GB gbé ọ dé òpin ọdún yìí. Títí bátìrì yóò fi dé, dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, kí o sì pa Wi-Fi nínú kíláàsì. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 20V. Bí o bá rí ẹni tí ó ń ta wáyà tí ó ń so ṣájà USB-C mọ́ ẹnu X230, béèrè bóyá ṣájà USB-C náà ń gbé 20V jáde, nítorí pé ti fóònù púpọ̀ kì í dé ibẹ̀.

Bí o bá sì rí i pé Wi-Fi rẹ̀ kò yá tó, má lọ ra káàdì mìíràn láìbéèrè. Káàdì tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ BIOS rẹ̀ (ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tàbí Linux tó wọlé) yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà kọ *1802* sójú, kò sì ní tàn títí o ó fi yọ ọ́. Ẹnu kálàmù rẹ̀ nìkan ni ohun tí ó kéré tí o lè rà pọ̀ mọ́ SSD lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí ó ti jẹ tí orí rẹ̀ sì ti tẹ́ máa ń ha ojú kọ̀ǹpútà, o sì lè fi ohun tí a ń fi tu irun ojú fà á yọ, kí o ti tuntun bọ ibẹ̀.